Ta Ló Tọ̀ Sórí Tìmùtìmù?

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ìgbẹ́ ológbò nínú bàtà mi, mo ṣe bí àṣìṣe ni. Mo fọ bàtà náà lẹ́yìnkùlé, mo sá a sórí ògiri, mo padà wọlé. N kò tíì jókòó dáadáa tí òórùn mìíràn tún fi gba imú mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo wo ibẹ̀. Òmíràn nìyẹn, ó rọ̀, ó ń yọ̀, ó sì ti ta sí etí ẹní. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rójú jókòó mọ́ nínú ilé yẹn.

Ilé bàbá mi ni, ní Pópó Yemọja, n'Ìbàdàn. Bàbá mi ti kú tipẹ́, ìyá mi nìkan ló kù síbẹ̀. Àkúrẹ́ ni èmi ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà ní tèmi, ibẹ̀ ni ìyàwó àti àwọn ọmọ mi wà. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni mo wá, nítorí ìyá mi yọ̀ ṣubú nínú òjò, ó sì fi ìdí lélẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn. Bí ó bá fẹ́ dìde lórí àga, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, á wo ilẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà tó fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Ékòó ti ní òun fẹ́ kó ìyá wa lọ sọ́dọ̀ òun. Ìyá wa ní òun kò lọ. Èmi ni mo wà láàárín wọn. Tí fóònù bá ti dún, àyà mi á já, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì mọ ohun tó fẹ́ bi mí: ìgbà wo ni màá bá Màmá sọ̀rọ̀? Mo máa ń lọ gbọ́ fóònù náà ní ojúde, kí ìyá mi má baà gbọ́. Tí mo bá wọlé, ìyá mi á tẹjú mọ́ mi. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Áńgílíkà rí. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún un, kó má jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin.

Àwọn ọmọ ológbò náà kì í ṣe tiwa láti ilẹ̀. Àlájà kan wà ní agbo ilé tó kọjú sí tiwa, tó ń rán fìlà ní ojúde wọn. Ọ̀kadà pa ológbò rẹ̀, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Nígbà tí Àlájà wá kí ìyá mi lẹ́yìn tó ṣubú, ó gbé wọn wá nínú agbọ̀n kékeré, ó ní kí wọ́n máa dá Màmá lára yá. Mo rò pé ìyá mi á ní kó gbé wọn padà. Obìnrin tó jẹ́ pé tí ìka rẹ bá kan ògiri, á ní o ti kó ìdọ̀tí bá a! Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí agbọ̀n náà, èyí tó dúdú sì gun apá rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló parí sí. Èkejì ní àwọ̀ eérú, ó tín-ín-rín ju ìkejì rẹ̀ lọ, ó sì máa ń sùn jù.

Èmi ni mo kọ́ wọn ní ibi tí wọ́n á máa yàgbẹ́ sí. Mo bu yanrìn sínú bàsíà pẹlẹbẹ kan, mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìyá mi. Tí wọ́n bá ti jẹun tán, màá gbé wọn sínú rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n á fi ọwọ́ wú yanrìn, wọ́n á ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á tún fi imú wò ó bóyá ó bò dáadáa.

“Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní tèmi kò mọ́ tó báyìí,” ni ìyá mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti inú bàtà yẹn ṣẹlẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé wọn kò mọ bàsíà náà rí. Wọ́n ń yàgbẹ́ sábẹ́ tábìlì, wọ́n ń yà á sídìí àpótí ìwé bàbá mi, wọ́n ń yà á sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà mìíràn, èyí tó dúdú á lọ dé ẹ̀gbẹ́ bàsíà, á dúró, á ké, á tún yí padà. Mo da yanrìn àtijọ́ nù, mo bu tuntun. Kò yí padà. Mo ra oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ojú, mo fi fọ bàsíà náà. Ó burú sí i. Ni mo bá bínú gbé bàsíà náà kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nídìí kànga, mo ní tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lọ bá a níbẹ̀.

Ìyá mi wò mí bí mo ṣe ń gbé e kọjá. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé.

Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa fi ìgbálẹ̀ àti eérú tẹ̀ lé ọmọ ológbò kiri mọ́. Bí mo bá ń jẹun, imú mi ń wá òórùn. Bí mo bá jáde lọ ra nǹkan l'Ọ́jà'ba, ọkàn mi kò kúrò nílé. Màá kàn sáré ra ohun tí mo bá rí, màá sì gbàgbé ìdajì ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ. Tí mo bá dé, kí n tó kí ìyá mi, màá ti lóṣòó, màá máa wo abẹ́ àga.

“Ṣé kò rẹ̀ ọ́ ni?” ni ìyá mi bi mí lọ́jọ́ kan.

“Kí ló dé tí wọ́n fi yí padà lójijì báyìí, mà?”

“Bóyá nǹkan ń ṣe wọ́n.”

“Nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ìwà burúkú ni.”

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Èmi ni mo ṣi ẹnu sọ ọ́, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ológbò!” ni ó pariwo. “Nínú ilé tí Màmá wà! Ṣé o kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ológbò ni? Ẹran tó bá ń dédé yàgbẹ́ káàkiri ilé, ṣé ojú lásán nìyẹn? Lé wọn jáde lónìí. Lónìí, mo ní!”

N kò gba ọ̀rọ̀ ojú lásán àti ojú tí kì í ṣe lásán gbọ́. Ṣùgbọ́n mo padà wọlé, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ mi ń wá wọn kiri, kì í ṣe láti wò wọ́n, láti bá wọn jà ni.

Ọjọ́ kejì ni ti tìmùtìmù ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ní àga kan nínú pálọ̀, tó kọjú sí fèrèsé, tó ti máa ń wo àwọn tó ń kọjá. Tìmùtìmù àga náà, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ rán aṣọ rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó dìde lọ sí yàrá rẹ̀, èmi sì fẹ́ gbọn àga náà. Ọwọ́ mi bá omi. Tìmùtìmù náà ti rin gbindingbindin, ó sì ń rùn.

Èyí tó dúdú wà lábẹ́ àga náà, ó jókòó jẹ́ẹ́. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ìdí ìgbálẹ̀ nà án ní ẹ̀yìn. Ó fò, ó fi orí gbá ògiri, ó ké bí ọmọ ènìyàn. Mo fi ọrùn gbé e, mo mú ìkejì rẹ̀ náà níbi tó ti ń sùn, mo kó wọn lọ sí ahéré kékeré tí a ń kó igi ìdáná sí lẹ́yìnkùlé, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Nígbà tí mo yíjú padà, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú. Ó ti pa ìró dà.

“Ẹ má bínú, mà,” ni mo wí. “Wọ́n ti ba tìmùtìmù yín jẹ́. Màá fọ̀ ọ́.”

Ó wọ yàrá lọ. Ó kọ oúnjẹ ọ̀sán, ó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan. Mo gbé omi fún un, kò mu ún.

Àwọn ọmọ ológbò náà ń ké nínú ahéré. Mo fọ tìmùtìmù, mo sá a, mo lọ sí ojúde, mo padà, mo tún lọ. Kò sí ibi tí mo dúró sí tí n kò gbọ́ igbe náà. Nígbà tó yá, Àlájà fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá.

“Bọ̀dá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ni igbe yìí? Kí ni wọ́n ṣe?”

Mo ṣàlàyé. Kò bá mi jà. Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé aláwọ̀ eérú jáde síbi tí oòrùn ti ń ràn, ó sì fi ọwọ́ pa á lára. Ìgbà yẹn ni mo tó wò ó dáadáa láti ọjọ́ tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ikùn rẹ̀ tóbi roborobo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó, ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ṣóńṣó lábẹ́ irun, irun náà sì ti gbẹ, kò dán mọ́. Àlájà gbé ìrù rẹ̀ sókè. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí hóró ìrẹsì. Ó mira.

“Sùbúhánáláì!” ni Àlájà wí. “Aràn ni. Ẹ wò ó, inú rẹ̀ kún fún aràn. Ẹ̀yin sì ń nà wọ́n?”

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo nà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n lè gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹran bí Àlájà ṣe wí, mo bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn sínú ike kékeré, mo kó àwọn méjèèjì sínú agbọ̀n, mo fi aṣọ bò ó, mo sì lọ wọ mọ́tò ní Bẹẹrẹ. Ọkọ̀ kìn-ín-ní tí mo wọ̀ kò tíì gbéra tí èyí tó dúdú fi ké. Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn.

“Kí nìyẹn?”

“Ọmọ ológbò ni. Ara wọn kò yá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, n kò gbé irú ẹrù yẹn.”

Mo sọ̀kalẹ̀. Ìkejì náà kò gbà. Awakọ̀ kẹta jẹ́ bàbá arúgbó kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, òun ló gbé wa dé ilé ìwòsàn ẹran.

Dókítà tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ̀n wọ́n. Kò sí èyí tó tó kílò kan nínú wọn. Ó gbé ìgbẹ́ inú ike sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Mo rí àwọn nǹkan róbótó róbótó.

“Ẹyin ejò inú nìyẹn,” ni ó wí. “Èyí tó dà bí ìrẹsì, aràn mìíràn ni. Oríṣi méjì ló ń bá wọn gbé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nínú wàrà ìyá wọn ni ejò inú ti bá wọn wọlé.”

“Ṣé aràn ló jẹ́ kí wọ́n máa yàgbẹ́ kiri ilé?”

“Inú rírun ni. Tí inú bá ń run wọ́n nígbà tí wọ́n wà lórí yanrìn, wọ́n á rò pé yanrìn ló ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa sá fún un. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu lójijì débi pé wọn kì í lè dé ibẹ̀. Níbo ni bàsíà wọn wà?”

Mo sọ fún un pé mo ti gbé e sí ìdí kànga. Mo sọ ti oògùn ìfọlé náà.

Ó mi orí. “Ẹ gbé e padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ìkejì kún un, kí oníkálukú ní tirẹ̀. Omi àti ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́. Kí ẹ má sì nà wọ́n mọ́. Ẹran kò mọ̀ pé ìgbẹ́ lẹ tìtorí rẹ̀ nà án. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ nà án.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ gbèjà ara mi díẹ̀, ni mo bá sọ pé kì í ṣe ìgbẹ́ nìkan, pé wọ́n tọ̀ sórí àga ìyá mi.

“Ìtọ̀ náà pọ̀ tó báwo?”

“Ó rin gbogbo tìmùtìmù. Nígbà tí mo fún un, omi ń dà.”

Dókítà náà ti ń fa oògùn aràn sínú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ó dúró. Ó wo èyí tó dúdú, tó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan, tí àyè sì ṣẹ́ kù.

“Ìwọ̀nba èyí?” ni ó wí. “Níbo ló ti rí ìtọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?”

Mo tún wo ọmọ ológbò náà.

“Ta ló tún wà nínú ilé, sà?”

“Ìyá mi.”

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó fi oògùn náà sí àwọn ọmọ ológbò lẹ́nu, ó ní kí n gbé wọn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti tún un lò, ó sì ní kí gbogbo wa nínú ilé máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí aràn wọn lè ran ènìyàn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń mi orí, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ yẹn nìkan ni mo gbé jáde níbẹ̀.

N kò wọ mọ́tò tààrà. Mo fi ẹsẹ̀ rìn títí, agbọ̀n wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Mo ń rántí ìró tó pa dà. Mo ń rántí omi tí kò mu. Mo rántí pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń kọ tíì àárọ̀, tó ní kò wù òun. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà lẹ́yìnkùlé, àtẹ̀gùn mẹ́ta lèèyàn á sọ̀ kó tó dé ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti yọ̀ ṣubú. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti wà nínú ilé yẹn. Mo mọ ibi tí ológbò ń yàgbẹ́ sí lójoojúmọ́, n kò bi ìyá mi léèrè bí òun ṣe ń dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé, mo gbé bàsíà padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo bu yanrìn sí i, mo wá ìkejì. Mo ń ṣe é, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Báwo ni ọmọkùnrin ṣe ń bi ìyá rẹ̀ ní irú rẹ̀? Ìyá mi jókòó, èyí tó dúdú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Kí ni dókítà wí?” ni ó bi mí.

Mo sọ fún un: aràn, inú rírun, àti pé wọ́n ń bẹ̀rù ibi tó ti máa ń dùn wọ́n. Mo sọ pé ó ní ẹ̀yìnkùlé jìnnà jù fún wọn.

“Ọjọ́ tí o ń gbé bàsíà yẹn lọ ni mo ti fẹ́ sọ fún ọ pé ó jìnnà,” ni ìyá mi wí. Ó wo èyí tó dúdú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Kì í ṣe ológbò ló tọ̀ sórí àga mi.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Dókítà náà ló fura.”

Ó gbé ojú sókè. “Dókítà ẹran?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí n kò retí. “Yéè! Dókítà ẹran ló wá mọ àrùn tó ń ṣe mí!” Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi kún fún omi, nígbà tó sì yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. N kò rí ìyá mi kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá mi sin. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. N kò mọ ibi tí ó yẹ kí n fi ọwọ́ sí, mo fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

“O na ẹran aláìṣẹ̀ níṣojú mi,” ni ó wí, “mo sì dákẹ́. Èmi, tí mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, mà?”

“Kí n sọ fún ọ, kí o sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ? Mo ń gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ ní ojúde. Etí mi kò tíì di. Tí mo bá jẹ́wọ́ pé n kò lè dá tọ̀ mọ́, ẹ ó dì mí bí ẹrù, ó di Èkó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kì í fi í mu omi.”

Òótọ́ ni. Ohun tí à bá ṣe gan-an nìyẹn.

A ṣe ohun tó yẹ kí a ti ṣe láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Mo ra póò tó ní ìdérí, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo pe káfíńtà, ó kan igi ìdìmú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní apá Yemetu. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kòkòrò ti wọ inú rẹ̀, pé omi tí kò mu ló tún dá kún un, wọ́n sì fún un lóògùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ìbẹ̀rù ti kúrò lójú rẹ̀ tó bá fẹ́ dìde lórí àga.

Ti àwọn ọmọ ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lo oògùn, wọ́n yàgbẹ́ aràn. Ó gùn bí okùn, ó ká kò, ó funfun. Mo sin ín jìnnà. Èyí tó dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lọ́jọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹta ó wọ bàsíà fúnra rẹ̀. Aláwọ̀ eérú kò jẹun. Mo fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu, mo fi wàrà, mo tún pe dókítà lórí fóònù. Ó ní ó ti rù jù kí a tó mú un wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo bá a nínú agbọ̀n, ó ti le. Ìyá mi ní kí n fún òun ní aṣọ funfun kékeré kan láti inú àpótí òun, òun ló dì í fúnra rẹ̀ kí n tó lọ sin ín. Ó wí pé, “Pẹ̀lẹ́ o,” bí ẹni tó ń kí ènìyàn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sọ pé ìyá wa kò lọ sí ibì kankan, àfi tó bá fẹ́. Ó bínú, ó ní mo ti gba wèrè láyè. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó dé láti Èkó láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó wọ yàrá Màmá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Èmi ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé póò lọ dà, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e padà. Òun ló bá wa wá obìnrin jẹ́jẹ́ kan láti agbo ilé Àlájà, tó ń wá ran Màmá lọ́wọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ báyìí.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ilé ìwé wọlé ni mo tó padà sí Àkúrẹ́. Títí mo fi kúrò, èyí tó dúdú kò wá sọ́dọ̀ mi. Tí mo bá wọlé, ó ń jáde ni. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, á dúró kí n kọjá kó tó jẹ ẹ́. Mo ní kí n pa á lára lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó sá sẹ́yìn ìró ìyá mi.

Ara mi kò tíì balẹ̀ tán. Mo lè wà níwájú pátákó kí ọkàn mi lọ sí Pópó Yemọja, kí n fi ẹfun sílẹ̀ lójijì bí ẹni tí wọ́n pè. Láràárọ̀, kí n tó wọ kíláàsì, mo máa ń pe ìyá mi. Mo ti kọ́ láti bi í ní tààrà.

“Ṣé ẹ mu omi, mà? Ṣé ẹ tọ̀ dáadáa?”

“Mo mu omi, mo sì tọ̀,” ni ó máa ń dáhùn. “Lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ níwèé, jọ̀ọ́.”